Ilé ni Ilé-Ẹ̀kọ́: Àsọyé lórí Ìgbé-ayé Àwọn Ọmọ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ni ti ìgbé-ayé àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́, pàápàá jùlọ àwọn tí ń gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn òbí ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà pé, "Àlùfáà, owó ìwé ni mo san. Èwo ni ti agogo, èwo ni ti koríko gígé, èwo ni ti orin kíkọ àti eré sísá?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn mi ni èyí: ilé-ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ wa, ilé ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di ibi ìkàwé. Ohun tí ń mú ilé dúró ni ó ń mú un dúró, ohun tí ń ba ilé jẹ́ ni ó sì lè bà á jẹ́.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní ọdún 1853, àwọn ọmọ díẹ̀ ni a fi lé wọn lọ́wọ́. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì fún wọn, Akínyẹlé tí í ṣe ọkùnrin àti Yéjídé tí í ṣe obìnrin. Anna kò kàn kọ́ wọn ní ìwé kíkà kí ó sì jọ̀wọ́ wọn lọ. Nínú ilé rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń jẹ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà, tí wọ́n sì ń kọ́ abẹ́rẹ́ dídì mú. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860 tí ọ̀nà sì dí, ebi wọ ilé náà, a sì ń ta ohun èlò ilé kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Ìyá tí ń ta ẹrù rẹ̀ nítorí oúnjẹ àwọn ọmọ, iṣẹ́ olùkọ́ nìkan kọ́ ni ó ń ṣe. Iṣẹ́ abiyamọ ni.

Bákan náà ni ní ibòmíràn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọ C.M.S. ní Èkó. Ọmọ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó wà nínú agbo-ilé kan ṣoṣo ní Ìsàlẹ̀ Èkó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Abẹ́òkúta, ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn tí yóò di olùkọ́ ti wà láti ọdún 1853. Níbẹ̀ ni Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Gottlieb Bühler ní ọdún 1862. Nígbà Ìfọ́lé ní ọdún 1867, tí a lé àwọn òyìnbó àlùfáà kúrò ní Abẹ́òkúta, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí lọ sí Èkó. Ní ọdún 1896 ó tún ṣí lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí a ti fi orúkọ Andrew Mímọ́ pè é. Ó kúrò ní ìlú kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n gbígbé pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan kò fi í sílẹ̀. Níti àwọn ọmọbìnrin, a ṣí tiwọn ní Èkó ní ọdún 1869, a sì ṣí òmíràn ní Kúdẹtì ní ọdún 1899. Ní ọdún 1950 ni a so àwọn méjèèjì pọ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ Anne Mímọ́ ní Ìbàdàn.

Agogo àti àdá

Wàyí o, kí ni àwọn ọmọ ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́? Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáradára ni agogo yóò ti dún. Àwọn ọmọ yóò dìde, wọn yóò tẹ́ ibùsùn wọn. Àwọn kan yóò gbá àgbàlá, àwọn kan yóò fọ ilé ìwẹ̀, àwọn mìíràn yóò pọn omi. Agogo kejì yóò pè wọ́n sí ilé àdúrà, ẹ̀kẹta yóò pè wọ́n sí oúnjẹ, ẹ̀kẹrin yóò pè wọ́n sí kíláàsì. Ní ọ̀sán wọn yóò sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn yóò mú àdá tàbí kí wọ́n lọ sí pápá. Ní alẹ́ wọn yóò kàwé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọn yóò gbàdúrà, a ó sì pa iná.

Agogo kò ní ìbátan. Bí ó ti dún sí ọmọ ọba ni ó dún sí ọmọ adẹ́mu. Ọmọ tí ń lu agogo náà ní láti jí ṣáájú gbogbo ènìyàn, nítorí náà ni a kì í fi í fún ọ̀lẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó bá lu agogo fún ọdún kan láì pẹ́ rí, ó ti kọ́ ohun tí ìwé ìṣirò kò lè kọ́ ọ: pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnìkan.

Níti àdá, mo mọ̀ pé òun ni ó ń dun àwọn òbí jùlọ. "Mo sá fún oko nítorí ọmọ yìí, ẹ tún fi àdá lé e lọ́wọ́!" Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọmọ tí a kọ́ ní ìwé tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́, bí ó bá padà délé tí ó rí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, ojú yóò tì í. Ìwé tí ó bá mú ọmọ kẹ́gàn ọwọ́ tí ó san owó ìwé náà, ó ti kùnà. A fún un ní àdá kí ó má baà gbàgbé ẹni tí ó rán an wá.

Ní yàrá ìjẹun pẹ̀lú, ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ àgbà kan ni olórí tábìlì, òun ni ó ń pín ọbẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe, ẹni tí ó pín ni yóò mú kẹ́yìn. Bí ẹran kan bá kéré, tirẹ̀ ni. Kò sí ìwàásù tí ó yé ọmọdé nípa ipò àgbà ju èyí lọ.

Àwọn ọjọ́ ayẹyẹ

Gẹ́gẹ́ bí ilé ti ní ọjọ́ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba méjì.

Èkínní ni ọjọ́ eré ìje. A pín àwọn ọmọ sí ilé mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olúkúlùkù ilé sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé a kì í pín wọn gẹ́gẹ́ bí ìlú wọn. Ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ẹ̀gbá lè wà nínú ilé kan. Àwọn baba ńlá wọn ja ogun Kírìjí láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko. Lónìí àwọn ọmọ wọn ń fa okùn kan náà ní ìhà kan náà, wọ́n sì ń pariwo orúkọ ilé kan. Òbí tí ó bá rò pé eré lásán ni èyí, kí ó tún rò ó.

Èkejì ni ìsìn orin Kérésìmesì, tí a ń ka ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án tí a sì ń kọ orin láàárín wọn. Ní Truro ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1880, nígbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Edward White Benson. Ní ọdún 1918 ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní King's College ní Cambridge, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká. Ohun kan wà nínú ètò rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyèsí. Ẹni tí ó kéré jùlọ ni ó ń ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, ẹni tí ó ju ú lọ a ka èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí a ó fi kan ẹni tí ó ga jùlọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ni ó ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àlùfáà àgbà ni ó sì ń parí. Kí gbogbo àgbà dákẹ́ kí ọmọ kékeré lè sọ̀rọ̀ ṣáájú, èyí kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ọdún Ọmọ-ọwọ́ ni ọdún náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ń ba ilé jẹ́

Bí mo bá dúró níhìn-ín, òtítọ́ mi kò pé. Ìdajì ni mo ṣì sọ.

Àṣà fífi àwọn ọmọ àgbà ṣe alábòójútó àwọn kékeré, láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Thomas Arnold, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Rugby láti ọdún 1828 títí di ọdún 1842, ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó bá àwa Yorùbá lára mu, nítorí àwa pẹ̀lú mọ ẹ̀gbọ́n, a mọ àbúrò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹ̀gbọ́n tí ń rán àbúrò níṣẹ́ mọ̀ pé ìyá ń bẹ nínú yàrá. Bí ìyá kò bá sí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọ kan wà tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kò ga, kò sì lágbára, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Ọmọ àgbà kan sọ ọ́ di ìránṣẹ́ ara rẹ̀. Kí agogo tó dún ni yóò ti jí i láti lọ pọn omi korobá méjì ní odò. Bí ó bá dé, yóò fọ aṣọ. Gàrí àti ṣúgà tí ìyá rẹ̀ dì fún un, ọmọ àgbà náà ni ó jẹ ẹ́ tán. Ní òru ọjọ́ kan ibà mú ọmọ náà. Mo gbọ́ bí eyín rẹ̀ ti ń gbá ara wọn. Síbẹ̀ nígbà tí a pè é, ó dìde, ó gbé korobá. Mo mọ̀, n kò sì sọ. Láàárín àwa ọmọ, òfin kan wà tí a kò kọ sílẹ̀: ẹni tí ó bá fi ẹjọ́ sun olùkọ́, ọ̀dàlẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ a rí i ní ẹ̀bá ọ̀nà odò, kò lè dá dìde. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀ wá mú un. Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó ká ẹní ọmọ rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀ lérí, wọ́n sì lọ. Ọmọ náà kò padà wá mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà agogo dún, a kọ orin, a gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kò sí ohun kan tí ó yí padà nínú ètò. Ó ti ju ogójì ọdún lọ, n kò tíì gbàgbé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún yín pé ètò dídára nìkan kò tó. Agogo lè dún lákòókò, kí orin dùn, kí àgbàlá mọ́ tónítóní, kí ọmọ kan sì máa ṣègbé láàárín wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà náà gbọ́dọ̀ wà lọ́jà.

Ohun tí a lè ṣe

Ìjọba gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 2001 ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ̀pọ̀ padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, àwọn ìjọ sì ti ṣí àwọn tuntun níbi púpọ̀. Ní gbogbo ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ wa, a kò lè di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn.

Èkínní, kí àgbàlagbà kan máa la ibùsùn àwọn ọmọ kọjá ní alaalẹ́, kì í ṣe láti ka orí wọn nìkan, bí kò ṣe láti wo ojú wọn. Èkejì, kí a fi ààlà sí agbára ọmọ àgbà: ó lè rán kékeré ní iṣẹ́ ilé, kò gbọdọ̀ rán an ní iṣẹ́ ara rẹ̀, ó lè mú ẹjọ́ rẹ̀ wá, kò gbọdọ̀ nà án. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù ọmọ mọ àgbàlagbà kan tí ó lè bá sọ̀rọ̀, kí a sì kọ́ gbogbo wọn pé ẹni tí ó sọ ìyà ẹlòmíràn kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni tiyín, ẹ̀yin òbí. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, kí ẹ tó béèrè ipò tí ọmọ mú ní kíláàsì, ẹ béèrè ẹni tí ó ń bá a jẹun àti ẹni tí ń pín ọbẹ̀ fún un. Ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin ọmọ àgbà, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jùlọ sílẹ̀ fún. Olúwa wa di aṣọ mọ́ ìbàdí, ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn tí ó kéré sí i. Ẹni tí ó bá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tí ó sì ń fi kékeré wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ti yí ìwé náà dojú dé.

Ní ìparí sáà, nígbà tí ẹ bá wá sí ìsìn orin Kérésìmesì, ẹ ó rí ọmọ tí ó kéré jùlọ tí yóò dìde láti ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Ẹ má ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan. Nígbà tí ó bá kà á tán tí ó ń padà sí ìjókòó, ẹ wo ojú tí ó fi ń wo ọmọ àgbà tí ń bọ̀ wá ka èkejì. Bí kò bá sí ẹ̀rù níbẹ̀, ẹ lọ sílé ní àlàáfíà. Ilé ni ẹ rán ọmọ yín sí.