Ta ní ń sanwó oṣù nígbà tí líìgì ò sí?

Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí wọn ní ibùdókọ̀ Fádèyí: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gíga bíi mélòó kan, bọ́ọ̀lù lábẹ́ apá, tí wọ́n ń wá dánfó tí yóò gbé wọn dé Yábàá. Rowe Park ni wọ́n ń lọ. Ẹ bá gba bọ́ọ̀lù ọwọ́ wọn wò. Ó ti dán borobòrò. Àwọn hóró wẹ́wẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ dì í mú ti jẹ tán lára rẹ̀. Bàtà ọ̀kan nínú wọn ti lanu níwájú, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ojú gọ́ọ̀mù náà ṣì funfun.

Mo ti bi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè rí pé ẹgbẹ́ wo ló wù wọ́n láti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún. Lakers ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tí mo ní kí wọ́n mú ti ilé wá, Rivers Hoopers ni wọ́n pè, ẹgbẹ́ Port Harcourt. Wọn ò mẹ́nu kan ti Èkó kankan, Èkó tí wọ́n bí wọn sí. Ó dùn mí, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Rivers Hoopers kì í ṣe ẹgbẹ́ àná, àmọ́ ìtàgé tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ò tíì pẹ́. Ní 2019 ni NBA ti Amẹ́ríkà àti FIBA, àjọ tó ń ṣàkóso básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, kéde pé àwọn máa jọ dá Basketball Africa League sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní BAL. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ló yẹ kí wọ́n ṣí i ní Dakar. Kòrónà dé, ó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ní Kigali, olú ìlú Rwanda. Ẹgbẹ́ 12 ló pésẹ̀. Wọ́n ti ya àyè sọ́tọ̀ fún orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí ẹgbẹ́ wọn ò ní í gba ìdíje ìyege kọjá rárá, Nàìjíríà sì wà nínú mẹ́fà náà.

Lọ́jọ́ 16 oṣù náà, Hoopers àti Patriots, ẹgbẹ́ onílé, ni wọ́n fi ṣí eré. J. Cole, olórin ráàpù ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gbá a fún Patriots, ariwo rẹ̀ ló sì gba ayé kan. Patriots na Hoopers, 83 sí 60. Hoopers ò kọjá ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún náà, àmọ́ a ti rí wọn.

Kí ló wá gbé wọn débẹ̀? Nílẹ̀ wa, owó tíkẹ́ẹ̀tì ò lè bọ́ ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹgbẹ́ tó bá máa dúró gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn tó fi ń ti. Ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers ló ni Hoopers. Kwara Falcons, ìjọba Kwara ló ni ín. Customs, Police Baton àti Civil Defenders, iléeṣẹ́ àwọn aláṣọ ìjọba ló ni wọ́n. Báńkì náà ti ṣe tiwọn, wọ́n sì ṣe é dáadáa: Elephant Girls ti First Bank gba ife ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003, wọ́n tún gbà á ní 2009. Mark Mentors, orúkọ Sẹ́nétọ̀ David Mark ni wọ́n fi sọ ọ́. Èkó náà ti ní Dodan Warriors, Islanders, Union Bank àti Ebun Comets, orúkọ tí inú àwọn àgbà Súrùlérè ṣì máa ń dùn láti pè.

Ẹni tó bá gbójú lé gómìnà, ó di dandan kó máa wo ojú gómìnà. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fojú tín-ín-rín irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, nítorí líìgì tiwa kì í fìgbà gbogbo wà. Láti ìgbà tí ìdìbò NBBF, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, ti dá ìjà sílẹ̀ ní 2017, tí ìhà méjì ń pe ara wọn ní ojúlówó, líìgì ọkùnrin ti di ohun tó ń wá tó ń lọ. Ní 2022, nígbà tí wọ́n ṣe BAL ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan níbẹ̀. Lóṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé Nàìjíríà ò ní í bá wọn ṣe ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì òkèèrè kankan fún ọdún méjì. Wọ́n yí i padà lóṣù tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún D'Tigress, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà: FIBA ti fi Mali rọ́pò wọn nínú ìdíje àgbáyé ní Sydney. Àwọn obìnrin tó gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019 àti 2021 ló jókòó sílé.

Ibi tó ti ká mi lára jù nìyí. Ọmọ tó pé ọdún 22 ní 2020, ọdún tó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le jù lọ ló ń lọ yẹn. Bí líìgì ò bá sí, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì sanwó, á gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ, á wa ọ̀kadà. Bí wọ́n bá tún pe líìgì lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti sú u, orúnkún ti ń dún.

Ní 2023, Kwara Falcons ló ṣojú wa. Nígbà tó di 2024, Hoopers padà wá lábẹ́ kóòṣì Ogoh Odaudu. Wọ́n gbá eré mẹ́fà ní Dakar, wọ́n borí nínú mẹ́rin, wọ́n sì ṣe olórí ìsọ̀rí tí US Monastir, tó gba ife ní 2022, wà. Ní ìpele àṣekágbá ní Kigali, wọ́n na Cape Town Tigers 80 sí 57, wọ́n sì gba ipò kẹta. Odaudu ni wọ́n fi jẹ kóòṣì tó dára jù lọ nínú ìdíje náà. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín ìyẹn àti alẹ́ tí Patriots nà wọ́n.

Èkó ńkọ́? Gbọ̀ngàn wà ní National Stadium ní Súrùlérè, òmíràn wà ní Teslim Balogun lójúkojú rẹ̀. NBA fúnra rẹ̀ ṣí ọ́fíìsì sí Èkó ní 2022. Láti 2021 títí dé 2025, ẹgbẹ́ Èkó kan ò gbá bọ́ọ̀lù ní BAL. Bẹ́ẹ̀, Èkó yìí ló bí Hakeem Olajuwon, tó ti pé ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá básíkẹ́ẹ̀tì, tó lọ sí Houston ní 1980, tó sì gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Gbogbo èèyàn ló máa ń fi Hakeem ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀nà tí Hakeem gbà, ọ̀nà àtijáde nílùú ni. Ẹgbẹ́ tó ń sanwó oṣù ni ọ̀nà àtidúró, ti Èkó ò sì tíì là dé BAL.

Ní Rowe Park, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọn ò ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá 24 tí òfin fún ẹgbẹ́ láti fi ju bọ́ọ̀lù. Ọmọ kan tó ń dúró de àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ló ń fi ẹnu kà á sókè, láti 24 wá sí ilẹ̀, títí tí wọn ò fi ní í rí àwọ̀n mọ́.