Ṣé O Mọ̀? Ìyá Ajá Ni Kí O Kọ́kọ́ Béèrè

Ṣé o mọ̀ pé nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ni èrò pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó? 1,277,714 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọn ò ka ajá. Ẹni tó bá ti gba Ìdímù wọ Ìkòtún ní ìdájí mọ̀ pé bí wọ́n bá kà wọ́n ni, ìwé wọn ì bá má gbà á. Olè ló fà á. Ẹni tó kọ́lé sí Abáránjẹ́ tàbí Ìjẹ̀gùn, tí kò tíì rówó mọ ọgbà yí ilé ká, ajá ni yóò kọ́kọ́ wá. Wíwá ajá kò ṣòro. Ibi tí yóò ti rí i ni iṣẹ́ wà.

Ṣé o mọ̀ pé ní ilẹ̀ England, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020, alágbàtà kò gbọdọ̀ ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà mọ́? Òfin Lucy ni wọ́n ń pè é. Lucy jẹ́ abo ajá kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Wales ní 2013, níbi tí wọ́n há a mọ́ tí wọ́n ń fi í bímọ léraléra títí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sọ́jà, kò sẹ́ni tó rí òun. Ìdí nìyẹn tí òfin náà fi sọ pé ẹni tó ń tajá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí ọmọ ajá pẹ̀lú ìyá rẹ̀, níbi tí wọ́n bí i sí. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Peckham bá fẹ́ ra ajá fún àwọn ọmọ rẹ̀, òfin ń bá a ṣọ́nà. Ìwọ tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ojú ara rẹ ni kí o fi ṣọ́ ọ.

Faransé náà ti gba ajá àti ológbò kúrò lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Ṣé o mọ ìdí tí ọmọ ajá etí títì fi léwu? Kì í ṣe pé ẹni tó ń tà á burú, òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́. Inú kéèjì tó kó wọn sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀kan wá láti Ayọ̀bọ̀, ọ̀kan láti Ṣáṣá, ọ̀kan láti Ọ̀tà, gbogbo wọn sì ń mu omi nínú abọ́ kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, gbogbo wọn ti kó o kí oòrùn tó wọ̀.

Àìsàn tó ń pa wọ́n jù ni parvo. Ọdún 1978 ni ayé kọ́kọ́ dá a mọ̀, kò sì tíì kúrò láàrin wa. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìlèjẹun, èébì yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ gbuuru tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó ń rùn tí imú ò lè gbà. Láti ọjọ́ tí ajá bá kó o, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó tó hàn. Wò ó báyìí: o ra ọmọ ajá ní Sátidé, ó ń sáré, ó ń já bàtà àwọn ọmọ jẹ. Wẹ́sìdeè ló dùbúlẹ̀. Ẹni tó tà á fún ọ yóò búra pé ó le koko nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun, irọ́ kọ́ ló sì ń pa. Àwọn ará ilé á ní aládùúgbò ló fún un ní májèlé jẹ. Aládùúgbò ò mọ nǹkan kan. Inú kéèjì ló ti gbé e wá.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà rẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó tilẹ̀ lè ju ọdún kan lọ. Ọṣẹ lásán kò pa á. Bílíìsì ló ń pa á, irú Hypo tàbí Jik: ife kan sínú ife omi 30, kí o jẹ́ kó jókòó lórí sìmẹ́ńtì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó ṣan án. Ilẹ̀ erùpẹ̀ kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí parvo bá pa ọmọ ajá kan ní ilé rẹ, má lọ ra òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá tún máa wọ ibẹ̀, kó jẹ́ èyí tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán.

Gbogbo abẹ́rẹ́, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò lè ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Wọn á tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn títí ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Wàrà ìyá ló fà á: ààbò tí ọmọ ajá mu nínú ọmú máa ń dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà gan-an tí ààbò yẹn yóò tán lára rẹ̀. Ti dìgbòlugi ní tirẹ̀, ó di bí ọ̀sẹ̀ 12. Nítorí náà, bí o bá rí káàdì ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n ti kọ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi sí, tí wọ́n sì ní ó ti parí, dá a padà fún wọn kí o máa lọ.

Káàdì gidi máa ń ní bébà kékeré tí wọ́n ṣí lára ìgò oògùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí nọ́ńbà oògùn náà wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti òǹtẹ̀ dókítà ẹranko. Dókítà ẹranko kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó lè di abẹ́rẹ́ mú. Láti 1969 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Veterinary Council of Nigeria. Bí ẹni tó ń tajá bá sì ní òun fúnra òun lòun gún un, bi í pé níbo ló gbé oògùn náà sí lọ́sẹ̀ tí iná ò sí. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 ni oògùn yẹn ń gbé. Bó bá ti gbóná, omi lásán ni wọ́n gún sí ajá lára.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnu ọmọ ajá kì í bá olówó rẹ̀ purọ́? Wọ́n bí i láìléyín. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni eyín wàrà ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, 28 ni wọ́n, kò sì yẹ kí ẹnu ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣófo. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ó ti pé oṣù méjì, ya ẹnu rẹ̀ wò. Bí èrìgì rẹ̀ bá ṣì dán, tí eyín ò ju díẹ̀ lọ, wọ́n tètè já a gbà lẹ́nu ọmú ni.

Ìyẹn sì léwu ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ní 1965, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Scott àti Fuller, gbé ìwé kan jáde lórí bí ìwà ajá ṣe ń dàgbà. Ohun tí wọ́n rí ni pé láàrin bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí 12 ni ọmọ ajá ń kọ́ ẹni tí kò yẹ kó máa bẹ̀rù. Ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ pé bí o bá já ni jẹ jù, a ò ní bá ọ ṣeré mọ́. Èyí tó lo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn nínú kéèjì, tí ìwo dáńfó ń fún mọ́ ọn létí láti àárọ̀ dalẹ́, ojora ni yóò bá dàgbà. Ajá tó lójora ló ń já ọmọdé jẹ.

Ṣé o mọ̀ pé àìsí bàbá nílé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Wọ́n sábà máa ń gbé abo lọ bá akọ ní ibòmíràn, wọ́n á sì sanwó fún ẹni tó ni akọ. Àìsí ìyá ni kó bà ọ́ lẹ́rù. “Ó wà ní abúlé.” “Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín.” “Àwọn tó ni ilé ò fẹ́ àlejò.” Mo ti gbọ́ gbogbo wọn. Àwọn kan tilẹ̀ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fa abo ajá kan jáde pé òun nìyẹn. Wo abẹ́ rẹ̀. Ọmú ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ mú yóò ṣì wú tàbí kó rọ̀ wálẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì sáré tọ̀ ọ́ lọ láìsí ẹni tó pè wọ́n. Wo bó ṣe ń ṣe sí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Bó bá ń fà sẹ́yìn tó ń gbọ̀n, ìwọ náà fà sẹ́yìn.

Ti orí fóònù wá ńkọ́? Àwòrán ọmọ ajá tó rẹwà, owó tó dínkù, “fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ ká gbé e wá bá ọ ní Ìgàndó.” Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ kí o tó fojú rí ajá.

Ṣé o mọ̀ pé Samoyed, ajá funfun onírun yẹn, ilẹ̀ yìnyín Siberia ló ti wá? Caucasian wá láti orí òkè Caucasus, irun rẹ̀ nípọn ní ìpele méjì nítorí òtútù ibẹ̀. O fẹ́ so ó mọ́ abẹ́ páànù ní Ìgàndó lóṣù kẹta. Ẹni tó bá tà á fún ọ láì béèrè bóyá o ní ibòji àti omi tó tó, owó rẹ nìkan ló ń wò. Boerboel, ọmọ South Africa, àti Rottweiler, tí wọ́n fi ń da màlúù láyé àtijọ́ ní ìlú Rottweil ní Jámánì, lè fara da nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bi ara rẹ bóyá o lè máa bọ́ ọ. Ti German Shepherd, tí wọ́n ti ń sìn lábẹ́ orúkọ yẹn láti 1899, ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá rìn níwájú rẹ. Àìsàn oríkèé ìbàdí wọ́pọ̀ nínú ìdílé wọn, ó sì ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ.

Ajá tiwa ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ekuke bí ẹni ń bú u? Ṣé o mọ̀ pé ní 2018, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi wo àbùdá ajá Áfíríkà, ti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì rí àmì pé ara wọn ti kọ́ bí a ṣe ń bá kòkòrò ilẹ̀ olóoru jà? Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni ẹ̀yà àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní ADGRE1, tó jẹ mọ́ ìjà pẹ̀lú kòkòrò irú ti ibà. Àwọn ajá òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ ní irú ogún yìí, ẹ bi ẹnikẹ́ni tí eégbọn ti kó ibà bá ajá rẹ̀ tó fi owó gọbọi rà. Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí í lé. Fún ẹni tó kàn fẹ́ ajá tí yóò gbó mọ́ olè ní Ìṣẹrì Ọlọ́fin, èmi ò rí ohun tó ń wá lọ sí Caucasus. Abo ajá kan ní òpópónà rẹ yóò bímọ láìpẹ́. Ìyá wà níbẹ̀, o ti mọ ìwà rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, owó ọmọ rẹ̀ ò sì tó nǹkan, ìgbà mìíràn ọ̀fẹ́ ni. Kí o kàn mú owó tí kò ná ọ lọ bá dókítà ẹranko: oògùn aràn, abẹ́rẹ́, káàdì.

Aràn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Inú ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó o, kí wọ́n tó bí i rárá. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ló yẹ kí wọ́n ti máa fún un lóògùn, ẹyin aràn yẹn sì lè bọ́ sẹ́nu ọmọdé tó ń fi yanrìn ṣeré kó ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Bí o bá sì fẹ́ gba ajá tí wọ́n gbà là, ó wà ní Èkó. St. Mark's Animal Rescue Foundation jẹ́ ọ̀kan tí dókítà ẹranko dá sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé dìgbòlugi ń pa ènìyàn bí 59,000 lọ́dọọdún lágbàáyé, àti pé ajá ló ń fà á nínú 99 nínú 100? Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ló tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹranko tí wọ́n fura sí pé ó ní dìgbòlugi ń já jẹ. Ọmọ ajá náà lè ní in, ó sì lè fara pamọ́ sí i lára fún oṣù méjì, mẹ́ta kó tó hàn. Bó bá já ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kí o gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe àgúnmu. Bí àìsàn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é. Abẹ́rẹ́ ajá kò sì jìnnà: ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko tó wà ní Vom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é níbí ní Nàìjíríà.

Ilẹ̀ wa tilẹ̀ ní orúkọ nínú ìtàn àìsàn yìí. Ní 1956 ni wọ́n rí ìbátan dìgbòlugi kan lára àdán ní Èkó, wọ́n pè é ní Lagos bat virus. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín ní Ìbàdàn, orúkọ Mọ́kọ́lá ni wọ́n fún un.

Ṣé o mọ̀ pé abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà fi ìyà jẹ ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko? Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Ẹ wo ohun tí náírà 50 lè rà ní ọjà Ìkòtún lónìí.

Kí o tó sanwó ajá, lọ bá láńlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá tó ń rìn káàkiri àdúgbò, láńlọ́ọ̀dù ló ní kí wọ́n lé e jáde lọ́jọ́ kejì tó dé. Bí ilé bá sì jẹ́ oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú síra wọn, gbọ́ ti gbogbo wọn, nítorí ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì, ẹnìkan ni yóò kà sí ọ̀gá.

Orúkọ ló kù. Ṣé o mọ̀ pé láti ayébáyé ni Yorùbá ti ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí ọ̀tá? Ìyálé á sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, á máa pè é ní ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyàwó á mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, kò sì ní rí ẹjọ́ rò. O lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Kàn rántí pé láńlọ́ọ̀dù náà gbọ́ Yorùbá.