Ṣé o mọ̀? Láti Kanoya dé Abẹ́òkúta

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1936 ni àwọn ológun ojú omi Jàpáànì ṣí pápákọ̀ òfurufú sí Kanoya, ní gúúsù orílẹ̀-èdè wọn? Wọ́n ṣì ń lò ó dòní.

Ṣé o mọ ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́? Gẹ̀ẹ́sì ni! Lọ́dún 1921, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Sempill, kó àwọn olùkọ́ lọ sí Kasumigaura ní Jàpáànì, wọ́n ń kọ́ àwọn ológun ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ òfurufú jagun lórí òkun.

Akẹ́kọ̀ọ́ padà wá bá ọ̀gá. Ní December 10, 1941, ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú Jàpáànì mẹ́ta, tí ọ̀kan ń jẹ́ Kanoya, gbéra láti agbègbè Saigon, wọ́n sì rì Prince of Wales àti Repulse, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí 840 ènìyàn ló bá wọn lọ.

Ní February 15, 1942, Singapore, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣubú. Rọ́bà Malaya bọ́ sọ́wọ́ Jàpáànì. Ibo ni Gẹ̀ẹ́sì máa yíjú sí? Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n yíjú sí: ẹ gba oje rọ́bà wá!

Wọ́n tún fẹ́ ọmọ ogun. Ṣé ìwọ tó ń gba Ìbàdàn kọjá láti Ṣàgámù mọ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti dá Díáfíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní March 1943? Aláǹtakùn ni àmì wọn. Bọ́má ni wọ́n kó wọn lọ. Kò sí ọ̀nà mọ́tò dé àfonífojì Kaladan níbẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tó tó nǹkan bíi máìlì 75. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Láti òkè ni wọ́n ti ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sí wọn. Ọkọ̀ òfurufú ló fa ogun náà dé ọ̀dọ̀ wọn, òun náà ló tún ń bọ́ wọn!

Ọ̀kan lára wọn, Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Ní March 1944, àwọn Jàpáànì já lù wọ́n létí odò Kaladan, ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ló fi í pamọ́, tó ń fún un lóúnjẹ fún oṣù bíi mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ bí Jàpáànì bá mọ̀, orí ni yóò fi san án. Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, ó wà láyé di 2012. Ọdún kan ṣáájú, oníròyìn Barnaby Phillips ti gbé lẹ́tà Fadoyebo dé Bọ́má, fún ìdílé Shuyiman.