Ṣé o mọ̀? Nọ́ńbà ló ń tọ́ka páàtì ojúlówó
Ọdún 1979 ni Honda dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Tí o bá ń tún alùpùpù Honda C70 àtijọ́ ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, má ra páàtì torí pé ó ṣáà wọlé. Ọ̀nà mẹ́ta ni nọ́ńbà páàtì Honda pín sí. Èyí tó wà láàárín ló ń sọ irú alùpùpù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Òun ni kí o wò, kì í ṣe páálí tó tàn yanran. Wo ti ẹ́ńjìnnì náà: nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì C70 sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C70E. Súkúrù Japan àtijọ́ sì sábà máa ń ní àmì tóótó kan lórí: ara ojúlówó ni àwọn náà, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí mẹkáníìkì sọ wọ́n nù.