Ohùn Bàbá Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì: Ìdí Tí Ẹgbẹ́ Fi Ná Owó Sórí Kọ̀ǹpútà

 Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tí a ná sórí kọ̀ǹpútà la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti ń dá awuyewuye sílẹ̀. Àwọn kan ní kí la fẹ́ fi ṣe, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ fídíò kún ìgboro. Àwọn mìíràn gbọ́ pé kò sí Windows nínú rẹ̀, wọ́n ní irú kọ̀ǹpútà wo nìyẹn? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dáhùn.

Lọ́dún 2006, a jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa tó wọ ojú irin láti Ọ̀fà wá síbí nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà ṣì ń mówó wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré mẹ́ta la fi gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀: bí wọ́n ṣe dé, ẹni tó fún wọn ní yàrá àkọ́kọ́, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bàbá náà ti lọ bá àwọn àgbà. A gbé iṣẹ́ náà fún oníṣẹ́ fídíò kan, ó sì ti tò ó fún oṣù méjì kí kòkòrò tó wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Sọ́fúwià ayédèrú tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ń lò. Gbogbo iṣẹ́ náà ló ṣòfò. Ìwọ̀nba DVD kan ṣoṣo tó ti kọ́kọ́ fún wa, orúkọ bàbá ló kọ síbẹ̀ láìsí àmì kankan. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí Haúsá yá lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kà á bí ẹni pé orúkọ ẹlòmíràn ni.

Ọpẹ́lọpẹ́ akọ̀wé wa tó tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí irin. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kì í dàgbà kó máa lágbára sí i.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, Windows 10 ló wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ti dópin, ẹ̀rọ wa kò sì lè gba Windows 11. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù nílùú yìí kan náà, ló ní ká má ra òmíràn, ká fi Linux sí i.

Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991. Ó ṣí iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Lọ́dún 2004 ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu jáde lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni Ubuntu, ó sì jọ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Ubuntu Studio tẹ̀lé e lọ́dún 2007, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ohùn àti àwòrán. Òun la fi sí i. Bàbá kan nípàdé ní kò sí ọ̀fẹ́ tí kò ní pańpẹ́ nínú. A ò bá wọn jiyàn, a kàn fi iṣẹ́ hàn wọ́n.

Owó tí a ná kò lọ sórí sọ́fúwià rárá. A fi kún RAM títí ó fi di gígábáìtì 16, a ra SSD fún ètò kọ̀ǹpútà, a sì ra dísìkì ńlá méjì fún fídíò. Ọ̀kan ń gbé inú ọ́fíìsì, èkejì ń gbé ilé akápò. Ẹni tó bá wà ní Jos lọ́dún 2001 mọ ìdí tí a kì í fi kó gbogbo ẹrù sí ilé kan. Kí a tó fi Ubuntu Studio sí i, orí flash la ti kọ́kọ́ dán an wò, láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ.

Kásẹ́ẹ̀tì ló fún wa níṣẹ́ jù. Okùn FireWire ló ń gbé e láti inú kámẹ́rà, ètò tó ń jẹ́ dvgrab ló sì ń gbà á. Kò sí kíákíá níbẹ̀ o: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, wákàtí kan gbáko ni, ó sì ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 13. Ọ̀sán àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kò rí kámẹ́rà rárá. A ti ń wo ọmọ wa tó mú Linux wá níwòkuwò kó tó hàn pé okùn ló bàjẹ́.

Kdenlive la fi ń gé fídíò tí a sì fi ń tò ó. Fídíò fóònù tó bá wúwo, a máa ń sọ fún un kó ṣe ẹ̀dà fífúyẹ́, ká fi ṣiṣẹ́, kó wá lo ojúlówó nígbà tó bá ń gbé e jáde. Iye àwòrán inú fídíò fóònù lè máa yí padà láti ìṣẹ́jú àáyá kan sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í fi bá ohùn mu nígbà mìíràn. Kdenlive máa ń kìlọ̀, á sì ní ká jẹ́ kí òun yí i padà. Bí iná bá lọ, tí UPS náà bá rẹ̀, ó máa ń bi wá tí a bá padà dé bóyá ká ti ibi tí a dé bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú inú wa dùn jù ni pé bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú ètò náà, lábẹ́ Nàìjíríà. Ó ń gbé àmì sábẹ́ àti sórí lẹ́tà bó ṣe yẹ. DejaVu Sans la fi kọ orúkọ bàbá, àmì rẹ̀ sì pé.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Àwọn sọ́fúwià Adobe tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti mọ́ kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn kan nínú wọn ṣì ń ráhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráhùn.

Kásẹ́ẹ̀tì méjì ti parí. Nínú ẹ̀kẹta, níbi tí bàbá ti ń ka orúkọ àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwòrán ń já, orúkọ méjì kò sì gbọ́ dáadáa. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá wà nílùú yìí nígbà náà, kó wá sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, a ó gbé e sétí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nílé, kó mú un dání.