Ìbẹ̀rẹ̀ Ayé àti Òpin Rẹ̀

Ìbéèrè méjì ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń bi ara wọn: báwo ni ayé ti ṣe bẹ̀rẹ̀, báwo ni yóò sì ti parí? Ní Ọ̀fà níhìn-ín ìdáhùn mẹ́ta ni a lè gbọ́ nínú agbo ilé kan ṣoṣo, nítorí Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè jẹ́ ọmọ baba kan náà.

Àwọn baba wa sọ pé omi ni ó bo ibi gbogbo, àti pé Olódùmarè rán Ọbàtálá láti dá ilẹ̀. Ọbàtálá mu ẹmu yó lọ́nà, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sílẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìyẹ tí ó ní ìka ẹsẹ̀ márùn-ún sì tàn án ká. Ibẹ̀ ni Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn yìí kan Ọ̀fà pẹ̀lú, nítorí ọmọ ọba Ọ̀yọ́ ni Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan tí ó tẹ ìlú yìí dó, láti Ifẹ̀ ni àwọn ọba Ọ̀yọ́ sì ti ṣẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ìtàn náà sọ ti ìbẹ̀rẹ̀, kò sọ ti ọjọ́ ìkẹyìn. Lójú àwọn baba wa, ọjà tí a ń ná lọ ná bọ̀ ni ayé. Orúkọ bí Babátúndé àti Yétúndé ń jẹ́rìí sí i. Olúkúlùkù ni ó ń jíhìn lẹ́yìn ikú rẹ̀, sí ọ̀run rere tàbí sí ọ̀run àpáàdì. Bíbélì àti Kùránì ní tiwọn sọ pé ọjọ́ mẹ́fà ni a fi dá ayé, àti pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo ènìyàn yóò jíhìn pọ̀. Àwọn méjèèjì sì wí pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ọjọ́ náà.

Níhìn-ín ni ewu wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó tẹ̀lé William Miller retí pé Olúwa yóò padà wá ní ọjọ́ 22 oṣù October, ọdún 1844. Àwọn àgbẹ̀ kan nínú wọn kò tilẹ̀ kórè oko wọn mọ́. Oòrùn ọjọ́ kejì yọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ẹkún ni ó sì bá lójú wọn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dárúkọ ọjọ́ fún wa, tí ó sì ní kí a ta ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn àgbẹ̀ wọnnì. Olóko kò sọ wákàtí tí yóò dé fún wa, ṣùgbọ́n ó sọ iṣẹ́ tí a ó ṣe. Ǹjẹ́ kí ó bá ọkọ́ lọ́wọ́ wa.