Wọ́n ń gbin igbó sínú àpótí nítorí ọ̀gà: Kí ni àwa ń ṣe sí igbó tiwa?

Àwọn àgbà ló ní alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí wa. Ṣùgbọ́n ohun tó lè ya ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lẹ́nu ni pé àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi owó gidi kọ́ ilé fún alágẹmọ, èyí tí a tún ń pè ní ọ̀gà. Kì í ṣe ilé lásán o. Igbó kékeré ni wọ́n ń gbìn sínú àpótí. Wọ́n á fi iná ṣe oòrùn rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ ṣe òjò rẹ̀, nítorí kí ẹranko kan ṣoṣo lè rí ibi tó jọ ilé rẹ̀ gbé.

Ní Ute, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ose, ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ẹni tó ń kọ́lé fún ọ̀gà. Inú oko kòkó, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti etí igbó ni ilé rẹ̀ wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣán oko tí ọ̀gà yọ lórí ẹ̀ka, ọmọdé á pariwo, ẹlòmíràn á wá òkò. Àwọn kan á mú un láàyè, wọ́n á tà á fún lékulẹ́jà tó ń ta èròjà oògùn. Ìbẹ̀rù ló sábà máa ń fa òkò yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀gà kò ní oró kankan. Bó bá lanu, tó ń mí hùù, tó sì dúdú mọ́ ènìyàn lójú, ẹ̀rù ló ń ba òun náà.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọyì rẹ̀. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tí wọ́n ń sọ ní Ifẹ̀, ọ̀gà ni wọ́n rán wá wo ilẹ̀ tuntun bóyá ó ti le tó láti tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbẹ́sẹ̀ títí dòní. Ní Ìjẹ̀bú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọdún Agẹmọ, èyí tí àwọn olórí Agẹmọ mẹ́rìndínlógún máa ń péjọ fún ní Imosan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àpótí ti bẹ̀rẹ̀

Dókítà kan ní London, Nathaniel Ward, ni wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá dé orí gbígbin ewéko sínú gíláàsì. Ní nǹkan bí ọdún 1829, ó fi ọmọ àfòpiná tó ṣì wà nínú ìkarahun rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù, ó sì dé e, torí ó fẹ́ rí bí yóò ṣe jáde. Kò pẹ́ tó fi rí i pé koríko hù nínú ìgò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bomi rin ín. Omi tó ń gbéra láti inú erùpẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tó tún ń ṣàn padà sílẹ̀. Ní 1842, ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kó ọmọ igi rọ́bà láti ọgbà Kew ní London lọ sí erékùṣù tó ń jẹ́ Sri Lanka lónìí, ní 1876.

Láti orí ewéko ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹranko kún un: ọ̀pọ̀lọ́, alángbá, ejò, títí ó fi kan ọ̀gà.

Ohun tó wà nínú ilé ọ̀gà

Àpótí gíláàsì tó dé pinpin bíi ti Ward kò dára fún ọ̀gà, nítorí ó fẹ́ afẹ́fẹ́. Nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé náà sì gbọ́dọ̀ ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, torí orí igi ni ọ̀gà ń gbé, kì í fẹ́ràn ilẹ̀. Èyí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó sì fẹ̀ ní méjì, ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń lò fún ọ̀gà tó ti dàgbà.

Nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wà, kí omi má baà dúró. Wọ́n á tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé e, wọ́n á da erùpẹ̀ sí i, wọ́n á sì fi ewé gbígbẹ bò ó. Wọ́n á wá kó àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹ ewé jíjẹrà síbẹ̀, kí wọ́n lè máa gbá ìgbẹ́ ẹranko náà mọ́. Lẹ́yìn èyí ni igi gbígbìn. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé pèrègún, èyí tí a fi ń pa ààlà oko, wà lára ohun tí wọ́n ń fowó rà láti gbìn síbẹ̀! Igi mìíràn ni ẹbí igi ọ̀dán tí ewé rẹ̀ kéré, àti òdòdó hibiscus tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe ọgbà yí ilé ká.

Ọ̀gà kì í sábà mu omi inú àwo. Ìrì àti omi òjò tó ń kán lára ewé ló ń lá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ fọ́n omi sí ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá gbé àwo omi kalẹ̀ fún un tó sì lọ, òǹgbẹ lè pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀ níbi tí omi wà.

Ti oòrùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tó ń jẹ́ kí ara ọ̀gà lè lo èròjà tó ń mú egungun le. Gíláàsì ojú fèrèsé kì í jẹ́ kí ìtànṣán náà wọlé tó bó ṣe yẹ. Ọ̀gà tí kò bá rí i, egungun rẹ̀ á rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́, ẹnu rẹ̀ kò ní le mọ́ láti mú kòkòrò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ra iná pàtàkì tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ lóòrèkóòrè, torí agbára rẹ̀ máa ń dín kù kí ó tó kú.

Ìrẹ̀ àti tata ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ fún ìrẹ̀ náà ní ẹ̀fọ́ jẹ. Ọ̀gà méjì kì í gbé inú àpótí kan, torí wọn kì í fẹ́ ojú ara wọn. Bó bá jẹ́ abo, ó gbọ́dọ̀ rí erùpẹ̀ tó jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan láti gbẹ́, kí ó lè yé ẹyin sí i. Bí kò bá rí i, ó lè di ẹyin náà sínú títí yóò fi kú.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ohun tí ọ̀gà bá bà lé ló máa ń bá dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Inú rẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀, òtútù àti oòrùn ló ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà jù. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Geneva ṣàlàyé pé àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi jígí wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Bí wọ́n bá súnmọ́ra tàbí tí wọ́n jìnnà síra, àwọ̀ tí ojú ń rí á yí padà.

Níbo ni wọ́n ti ń kó wọn?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Tógò, Benin àti Ghana wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó ọ̀gà ilẹ̀ wa lọ sí òkèèrè. Èyí tí wọ́n mú nínú igbó sábà máa ń dé ọ̀hún pẹ̀lú òǹgbẹ àti aràn nínú, ọ̀pọ̀ kì í sì pẹ́ kú, bó ti wù kí àpótí wọn dára tó.

Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní CITES, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní 1974. Láti 1977 ni ọ̀gà ti wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ní kí wọ́n má tà á rárá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ ìjọba. Nàìjíríà náà ṣe òfin tirẹ̀ lórí irú òwò báyìí ní 1985. Bí àjèjì bá wá sí abúlé tó ní òun ń ra ọ̀gà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ìwé àṣẹ dà?

Ewu mìíràn tún wà. Ní 1972, wọ́n kó ọ̀gà oníwo mẹ́ta láti Kenya lọ sí Hawaii fún títà. Wọ́n tú wọn sí ọgbà kan kí ara wọn lè mókun. Ni wọ́n bá rìn lọ, wọ́n bí sí i, títí wọ́n fi tàn káàkiri, tí wọ́n ń jẹ kòkòrò àti ìgbín kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé.

Ohun tó yẹ kí a ṣe ní Ute

Bí tíṣà bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé rí ọ̀gà dáadáa, kò nílò owó iyebíye. Káfíńtà lè fi igi kan férémù, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, kí wọ́n gbé pèrègún inú garawa sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka gbígbẹ díẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, ṣùgbọ́n tí ìbòòji wà lọ́sàn-án. Ẹ wọ́n omi sí ewé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ ju tata sí i. Kí àwọn ọmọ fọ ọwọ́ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n dá a padà sórí igi tí wọ́n ti mú un gan-an.

Èyí tó ju ìyẹn lọ ni igbó fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gé gbogbo igi, tí wọ́n sì fi oògùn apakoríko àti apakòkòrò fọ́n ilẹ̀ láti ààlà dé ààlà, ọ̀gà kò ní rí ẹ̀ka gùn, kò sì ní rí tata jẹ. Kò pọn dandan kí àgbẹ̀ má ṣiṣẹ́. Bó bá fi pèrègún àti igi díẹ̀ sílẹ̀ ní ààlà oko, tí kò sì fọ́n oògùn débẹ̀, ọ̀gà ti rí ilé nìyẹn.

Ẹni tó wà lókè òkun ń sanwó iná kí ọ̀gà kan lè rí oòrùn. Lọ́dọ̀ wa ní Ute, ọ̀fẹ́ ni oòrùn, ọ̀fẹ́ ni ìrì, pèrègún sì ń hù fúnra rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí a fi òkò sílẹ̀, kí a sì sọ fún àwọn ọmọ wa pé ẹranko tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ ilẹ̀ kò wá bá ẹnikẹ́ni jà.